Táyé Dúró, Kẹ́hìndé Ń Lọ

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, ẹ bá mi gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹ̀wà alẹ́ ló fà á. N ò jẹ ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló fà á. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ráṣídì mẹkáníìkì ti ń pariwo sí mi létí pé dísìkì méjèèjì tó wà níwájú ọkọ̀ mi ti jẹ tán, pé irin ti ń jẹ irin, kí n ra méjì tuntun àti páàdì wọn. Mo ní ti apá òsì, lọ́dọ̀ èmi awakọ̀, nìkan ló ń ké. Ti apá ọ̀tún ò ké rárá. Ká ra ẹyọ kan ná. Bẹ́ẹ̀, òní yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màámi ní Adó, èmi ni mo sì máa fi ọkọ̀ gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n níbí. Ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà yẹn.

Nínú àlá, mo lọ ra dísìkì. Ṣọ́ọ̀bù náà ń léfòó lójú òfuurufú, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kó má baà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo rọ̀ mọ́ bẹ́líìtì fáànù tí wọ́n sọ kalẹ̀, mo gùn ún wọlé, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o.

Gbogbo páàdì tó wà nínú páálí dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni ojúlówó!"

"Irọ́ ló ń pa, sà, èmi ni ojúlówó!"

Páàdì tòkunbọ̀ kan húkọ́. "Ẹ má dá àwọn ọmọdé yẹn lóhùn. Mo ti dá ọkọ̀ dúró ní Jámánì fún ọdún mẹ́sàn-án."

Mo wò ó, ó ti fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì. Mo bi í pé kí ló wá kù lára rẹ̀.

"Ìrírí ni, sà."

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn wá. Ọ̀gá náà so táì, ó ní òun ni Alákòóso Ìdúró, kí n kọ lẹ́tà kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ dúró. Mo kọ ọ́ pé nítorí màámi ni. Bó ṣe ń kà á ni ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì jẹ lẹ́tà náà tán. Mo ní ẹ kú oúnjẹ. Mo kọ òmíràn, ó tún jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọ ẹ̀kẹta, ó ní kí n lọ lu òǹtẹ̀ sí i, pé èyí tí kò ní òǹtẹ̀ kì í dùn. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yẹn sú mi ju ti ìwo lọ.

Níkẹyìn wọ́n gbé dísìkì méjì jáde, wọ́n fi aṣọ òtútù wé wọn bí ọmọ jòjòló. Mo nawọ́ mú ti apá òsì. Ìkejì bú sẹ́kún.

"Ta ló ń ra aṣọ fún Táyé tí kì í ra ti Kẹ́hìndé?"

"Èyí tó wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ mi ò tíì ké," mo ní.

"Ọmọ tí kò bá ké, ṣé ebi ò pa á ni?"

"Nígbà tó bá ké, n ó wá mú ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara mi, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Òbúkọ bi mí pé ṣé mo ti yan èyí tó wù mí. Bí mo ṣe ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, sítíárì wà lọ́wọ́ mi, màámi jókòó lápá ọ̀tún, wọ́n ń jẹ gúgúrú. A ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ bá là sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìlàjì tèmi dúró gbọn-in, kò yẹ̀ rárá. Ìlàjì ti màámi ń bá ọ̀nà lọ lórí táyà méjì.

"Àjàní," wọ́n pè mí, wọn ò tiẹ̀ bínú, "ṣé o ò bá mi lọ mọ́ ni?"

Mo tún bíréèkì tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Èmi tí mo ti dúró náà ni mo túbọ̀ ń dúró. Òbúkọ ní kí n wá buwọ́ lùwé pé mo gba ìdúró mi pé pérépéré. Mo ń pariwo, "Màámi! Màámi!" Wọ́n ń kéré lọ, wọ́n sì ń juwọ́ sí mi.

Mo jí, ilẹ̀ ti mọ́. Mo sáré lọ sí pálọ̀. Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n gbé báàgì lé itan. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ òsì wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nílẹ̀ lásán.

"N ò rí ìkejì," wọ́n ní. "Ojú yìí náà ni. Jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ti tó. Ṣebí inú ọkọ̀ la ó jókòó sí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo wá abẹ́ àga títí mo fi rí bàtà kejì, mo fi wọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo pe Ráṣídì lórí fóònù pé kó gbé dísìkì méjèèjì wá kíákíá, àti gbogbo páàdì wọn.

Ó bi mí pé ṣé ti apá ọ̀tún ti wá ń ké ni.

Mo ní kò ké.