Gbólóhùn Tí Táhírù Kì í Parí

Ojú wa ṣe mẹ́rin ní Kejetia, ibùdókọ̀ ńlá Kumasi, nínú òjò oṣù kẹfà ọdún 1992, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ráyè wo ojú ẹnìkejì. Ọkọ̀ trotro tí mo wọ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀. Èrò ń pariwo, àwọn aláàárù ń fi ẹrù gbá ara wọn, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà sì ń ti ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn láti ojú fèrèsé, mo sì rí i: ọmọkùnrin gíga kan tí ẹrẹ̀ ti ta sí lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú tèmi, kò sì tètè kúrò níbẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ń tì.

Ọkọ̀ fò jáde. Ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yíjú sí àwọn tó bá a tì í, ó ń ké pé, "Mo! Mo! Mo!"

Yorùbá ni, mo sọ lọ́kàn mi. Ìfẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé sì rọ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló ti ọkọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pariwo pé òun ni!

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ìyá mi, Alhaja Àtinúkẹ́, tí mo wá bá ránṣọ láti Ìlọrin, mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Dichemso. Ta ni mo bá nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ? Òun náà ni. Táhírù lorúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn aránṣọ ibẹ̀.

"Káàbọ̀ sí Kumasi," ó ní. "Ìlọrin ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí mo fi í sí," mo dá a lóhùn.

Alhaja fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Santasi, ní òdìkejì ìlú, òun sì ń rò ó láti fi Táhírù ṣe olórí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlísù, àfáà tó ni ilé náà, kò ní í fún òun ní kọ́kọ́rọ́ àfi tó bá ka ìwà ẹni tí yóò máa jókòó síbẹ̀ nínú ìwé.

"Ìwọ lo máa kọ ọ́. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wá gbà á."

"Èmi tí mo dé lánàá? Àlejò lójú, kò fi ríran, Alhaja."

"Ojú tèmi náà ti mọ́ ọn jù, kò ríran mọ́. Bá mi wò ó."

Mo wò ó. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Táhírù á yí ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ká. "Ẹ ṣé àná. Kọ́là tí ẹ rán lánàá gún régé." Ó ń dúpẹ́ iṣẹ́ àná lọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó iṣẹ́! Lójú tèmi, ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n "mo" rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Bí Yaa, ọmọbìnrin Àṣáńtì tó ń kọ́ṣẹ́, tó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Alhaja, bá so bọ́tìnnì tán, Táhírù á ní, "Yaa, mo!" Bí Àúdù, tó máa ń lọ aṣọ fún wa, bá lọ ọ̀kan tó dán, "Àúdù, mo!" Mo kí ni? Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kì í parí i. Ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, òun ń sọ "mo".

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ẹni tó ń sọ 'mo' nígbà ogún lóòjọ́ kò tíì yẹ lólórí ẹnikẹ́ni." Mo ká ìwé náà, mo fi sínú báàgì mi. Inú mi kò sì dùn tó bí mo ṣe rò.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ jẹ́. Yunifọ́ọ̀mù méjìlá ni a ń rán fún ilé ìwé kan, wọ́n ní kí n gé apá aṣọ. N kò ṣẹ́ aṣọ po kí n tó gé e. Ojú kan náà ni mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí. Yaa kó wọn jọ, ó kà wọ́n. Apá mẹ́rìnlélógún, tòsì ni gbogbo wọn!

"Ei, Sísítà Ràzíátù! Ṣé àwọn ọmọ yìí ò lọ́wọ́ ọ̀tún ni?"

Àúdù rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin ì bá ti fi rúlà gbá mi létí. Táhírù wá, ó yẹ àwọn apá náà wò, ó mí kanlẹ̀.

"Alhamdulillahi. Apá ló lọ, àyà ṣì wà. A ò sì tíì gé kọ́là àti àpò."

"Ọpẹ́ kì í rán apá," mo sọ fún un. Ìtìjú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Òótọ́ ni, kì í rán an. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà kì í rán an." Ó fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́. "Lọ́dún 1983 tí mo ń kọ́ṣẹ́, a ò rí òwú rà. Àkísà la máa ń tú ká tó rí òwú. Yaw, ọ̀gá mi, máa ń dúpẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan tí a bá fà yọ tí kò já. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, tí ọ̀gá wọn ń fi èébú jí wọn, gbogbo wọn ló sá lọ. Nínú tiwa, ẹnì kan ò lọ." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmọ́ ìwọ lo máa tún un gé o. Ọpẹ́ ò ní kí n bá ẹ gé e."

Nínú apá òsì méjìlá tó ṣẹ́kù la ti gé kọ́là àti àpò; aṣọ tí a fi pamọ́ fún kọ́là ni mo fi gé apá ọ̀tún. Táhírù dúró tì mí, ó ń bá mi di etí aṣọ mú. Bí mo ṣe gé èyí tó kẹ́yìn, ó fọwọ́ lu tábìlì.

"Ràzíátù, mo!"

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin kí ni? Èmi ni mo gé e! Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo, mo, mo! Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín lónìí!"

Yaa bú sẹ́rìn-ín, ó dorí kodò lórí ẹ̀rọ. "Sísítà, Twi ni, èdè tiwa! Kì í ṣe Yorùbá! 'Ẹ kú iṣẹ́' ni! 'Ẹ ṣe é dáadáa' ni!"

"Ó rò pé ọ̀gá ń fọ́nnu!" Àúdù pariwo, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

Gbogbo "mo" tí mo ti kà sí i lọ́rùn wá yí padà lọ́kàn mi, ìkọ̀ọ̀kan wọn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín: Yaa, Àúdù, àwọn ọkùnrin inú òjò tí n kò bojú wò. Táhírù kò rẹ́rìn-ín. "Abájọ," ó rọra sọ, "tí o fi máa ń lejú mọ́ mi."

Mo fa ìwé Ọjọ́rú ya. Mo jókòó láti kọ òmíràn, bíírò kò rìn. Bí mo bá kọ òtítọ́, Táhírù ń lọ sí Santasi nìyẹn, èmi á sì kù sí Dichemso. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ méjì péré tí kò dáa tó sí i, yóò wà níwájú mi láràárọ̀. Ta ló máa mọ̀? Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, olólùfẹ́ kì í fẹ́ kí ẹnìkejì lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe máa gba "ẹ ṣé àná" lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí mo mọ ohun tí mo ṣe lánàá?

Mo kọ òtítọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Sàlísù yà sí ilé wa ní Sawaba. Mo kúnlẹ̀.

"Ìwé náà dà, ọmọ mi? Ṣé ó yẹ lólórí, àbí kò yẹ?"

"Ó wà nínú rẹ̀, Bàbá. Mo kọ àṣìṣe tèmi náà sí i, kí ẹ lè rí ohun tó fi í ṣe."

Ó na ọwọ́. Ó di ìwé náà mú, ìka mi ṣì wà ní igun rẹ̀. Alhaja ń wò mí.

"Ṣé o fẹ́ gbà á padà ni?" Bàbá bi mí.

"Rárá, Bàbá," mo ní, mo sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀.