Ṣọ́ọ̀bù Òòyà Opó Vasseur

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1776, ọba Faransé pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ túká ní Párísì. Ẹnikẹ́ni tó bá mọṣẹ́ lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n ń kọrin káàkiri ìgboro. Èmi ò lọ. Ìwo màlúù tí a fẹ́ fi gbẹ́ òòyà wà lórí iná, bí ó bá sì tutù kí n tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò là.

Perrine Vasseur ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ tó kú ni ọ̀gá mi. Òfin ẹgbẹ́ gbà kí opó ọ̀gá máa bá iṣẹ́ lọ, àfi tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá. Èmi kì í ṣe ọ̀gá, n kò sì lówó tí ẹgbẹ́ ń gbà kí wọ́n tó sọni di ọ̀kan. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ fẹ́ràn ara wa, a ò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ti túká, a ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo bi Perrine bóyá kí n lọ.

“Ambroise, ṣọ́ọ̀bù wo lo ṣí? Ilẹ̀kùn tó o ti ń gbà wọlé látijọ́ náà lo ṣì ń gbà.”

Òótọ́ ni. N kò lọ.

Nígbà tó di oṣù Ògún, ọba dá ẹgbẹ́ padà. Quillard, àgbà ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́-òòyà, mú ọlọ́pàá wá. Ó ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, tí wọ́n bá ń sanwó lọ́dọọdún. A ò forúkọ sílẹ̀, àkókò rẹ̀ sì ti kọjá. Perrine ní opó ọ̀gá lòun. Quillard nawọ́ sí mi.

“Opó kẹ̀? Ẹni tó dúró tì yín yìí ńkọ́, Màdáámù, ṣé òkú ni?”

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ìgbà tí kò sí ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ ẹ, òfin ta wá ni mo rú? Quillard ṣí fìlà, ó fọwọ́ họ orí.

“Èmi gan-an ò mọ̀, Ambroise. Ká ní tuntun ni ṣọ́ọ̀bù yín ni, ẹ̀ bá ti forúkọ sílẹ̀, ì bá sì rọrùn.”

Perrine béèrè bóyá kí a kọ ara wa sílẹ̀. Quillard ní ìyẹn dọwọ́ àlùfáà, àlùfáà ò sì ní gbà.

Wọ́n kó ayùn wa, wọ́n kó òòyà tí mo gbẹ́ dé ìdajì. Títí di òní, n kò mọ ọjọ́ tí a ṣẹ̀: ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ni, nígbà tí kò sí òfin tó kà á léèwọ̀, àbí oṣù Ògún, tí a ò ṣe nǹkan kan?

Wọ́n kan ilẹ̀kùn pa. A pàdánù ṣọ́ọ̀bù náà.