Ẹni Tó Ni Kànga

Lọ́dún 2013, Dókítà Títíloyè pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé jọ ní ọgbà yunifásítì ní Ugbowo. Ó ní kí wọ́n yé fi iṣẹ́ wọn pamọ́ sínú àpótí, kí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bí ẹlòmíràn bá jí i ńkọ́, sà?" Èyítọ́pẹ́ ló béèrè. Ó ti pẹ́ tó ti ń bu omi kànga káàkiri àdúgbò Upper Sakponba, tó ń wá òjé tó ń jò láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù.

"Ọjọ́ tí o gbé e síta ni ẹlẹ́rìí rẹ," ni Dókítà fèsì. "Ohun tó wà nínú àpótí ni kò ní ẹlẹ́rìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Iná kì í dúró, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín, síbẹ̀ ó jókòó sí kàfé kan ní Uselu títí gbogbo rẹ̀ fi gòkè: iye òjé inú kànga kọ̀ọ̀kan, orúkọ òpópónà, àti nọ́ńbà ilé.

Kò pẹ́ tí Màmá Fọlákẹ́ fi wá a wá sí láàbù. Ará Oǹdó ni màmá náà, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kí Èyítọ́pẹ́ bu omi nínú kànga ilé òun. Wọ́n fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó.

"Ọmọ ayálégbé mi kan rí i lórí kọ̀ǹpútà pé májèlé wà nínú omi mi. Ìdílé méjì ti kó jáde. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. Òjé inú rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Òun ni mo fi ń po ògì fún ọmọ ọmọ mi. N ò bínú pé o sọ òótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ayé ti gbọ́ kí èmi tí mo ni kànga tó gbọ́."

Èyítọ́pẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ojú tì í gan-an.

Nígbà tó sọ fún Dókítà Títíloyè, ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "N ò kọ́ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé," ló wí. Wọ́n jọ yọ nọ́ńbà ilé kúrò, wọ́n fi orúkọ àdúgbò nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye àwọn tó ti gbà á sínú kọ̀ǹpútà wọn.

Lẹ́yìn náà ni Èyítọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn onílé. Àwọn kan dúpẹ́. Bàbá kan ti géètì mọ́ ọn lójú, ó ní ṣe ló fẹ́ ba ọjà ilé òun jẹ́. Nígbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan bi í bóyá ì bá kúkú ti fi iṣẹ́ náà pamọ́, ó ní rárá: àwọn ọmọdé ṣì ń mu omi náà.

Màmá Fọlákẹ́ fi pákó bo kànga rẹ̀, ó ń ra omi tánkà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ń dáhùn ìkíni Èyítọ́pẹ́, àmọ́ kì í béèrè bí ìwé rẹ̀ ṣe ń lọ mọ́ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.