Ojú Ìwé Tó Kù Nínú Álúbọ́ọ̀mù

Nígbà ayé Àlùfáà Sàkáríyà ní Ìsẹ̀, òun nìkan ló ń ṣe irú ìwé yìí, ẹsẹ Àlùkùránì tí àwọ̀ yí po. Yóò da omi ilá tó ti sẹ́ sínú páànù fífẹ̀, yóò kán aró àti osùn lé e, yóò sì fi òòyà fà á títí yóò fi rí bí ìkarawun ìgbín. Yóò wá tẹ́ bébà lé e lórí, èyí tó ti fi omi álọ́ọ̀mù tó ń mú àwọ̀ dúró pa ní ẹ̀gbẹ́ nìkan, kí àárín lè wà ní funfun. Tí ó bá gbẹ, yóò fi kálámù kọ ẹsẹ Àlùkùránì sáàárín. Àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ kì í ṣí. Tàdáà tó fi kọ àárín ló ń ṣí, torí èédú ló fi ṣe é, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ mu bíi hàntú nígbà àìsàn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku ojú ìwé kan ṣoṣo nínú álúbọ́ọ̀mù tó kó wọn sí.

Aishat, ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n fọ èyí. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú, ṣùgbọ́n oko kòkó ló rán Aishat lọ. Ìgbà tí irun orí rẹ̀ ń funfun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé kéwú. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ ka ọwọ́ bàbá rẹ̀ dé òpin, kò sì tíì kọjá ìlà kejì.

Ìyá rẹ̀, Ṣùkúrátù, wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọsibítù tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

“Fọ ìwé bàbá ẹ fún mi,” ni ìyá wí.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kà á tán ná. Ọjọ́ díẹ̀ ni.”

“Ṣé ọjọ́ wà lọ́wọ́ mi ni?”

Hàkíìmù, ẹ̀gbọ́n Aishat, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: “Àbí ìwé lo fẹ́ fi ṣe ìyá?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ti kà á rí. Èmi ńkọ́?”

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ulé yìí ló fi jẹ uṣu mi. Jẹ́ kí n mu ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

Aishat gbé abọ́ wá. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kẹta, ó ń kà á sókè, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Ìyá ń ṣe “Àmín” sí i. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, èémí ìyá ti ń já. Aishat kò kà mọ́. Ó da omi sí ojú ìwé náà, ó fi ìka ra àwọn ìlà tí kò tíì kà títí omi fi dúdú.

Ìyá mu ún. “Ó korò bíi bàbá ẹ.”

Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, ó ti lọ.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Aishat ká ìwé náà tó ti sá sórí okùn. Aró àti osùn ṣì yí i po bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àárín funfun báláú. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?” Hàkíìmù béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Aishat fi í padà sínú álúbọ́ọ̀mù, ó sì pa á dé.