Yàrá Bátìrì ní Abúlé Òkúta

Atẹ́gùn ọ̀sà ló gbá ilẹ̀kùn irin náà dé gbàmù, bẹ́ẹ̀ ni Tabitha Ọláfimíhàn ṣe há sínú yàrá bátìrì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú ti já tipẹ́. Ní àdúgbò Pedro ni Tabitha ti ń tún ìńfátà ṣe, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tan iná bí NEPA bá mú iná lọ. Màmá Hadassah, tó ń ta ẹja dídì ní Abúlé Òkúta, ló pè é pé bátìrì òun ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìńfátà kò mọ ìgbà tí bátìrì kún mọ́, ó sì ń rọ iná sí i ṣáá. Omi inú wọn ń hó ṣùùṣùù, ó ń pín sí afẹ́fẹ́ méjì, haidirójìn àti ọ́síjìn. Tabitha gbójú sókè wá fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù ló rí. Màmá ti fi dí i nítorí olè.

Òógùn bò ó. Bí iná bíńtín bá kan afẹ́fẹ́ méjèèjì yìí, wọn a para pọ̀ di omi padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ooru omi tó gbóná janjan ni, tí yóò máa wá àyè tó ju yàrá náà lọ. Ògiri ni yóò tì. Òun ló sì wà láàárín.

"Màmá! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Màmá yí kọ́kọ́rọ́ títí ó fi kán sínú ihò. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Àbdùlláhì wẹ́dà ti gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin dé."

"Ẹ má gé e o! Bí iná bá fi lè ta pàrà, gbogbo wa la máa lọ!"

"Ṣé kí n pa iná láti ibi mítà ni?" Àbdùlláhì béèrè.

"Rárá! Bí iná bá lọ, ìńfátà máa yí sí bátìrì, ìyẹn náà lè ta iná. Ẹ da omi sí búlọ́ọ̀kù fèrèsé, kí ẹ fi ọmọ odó gún un wọlé. Ẹ má lo irin!"

Ó lọ lóṣòó sí igun yàrá. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò bẹ Ọlọ́run rí pé kí NEPA má mú iná lọ bó ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ń gbọ́ gbì, gbì lẹ́yìn ògiri. Ó ń ṣe é bíi kó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn, àmọ́ ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ẹ̀rù àtimí gan-an ń bà á.

Búlọ́ọ̀kù kan já wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn ọ̀sà rọ́ wọlé, ó ń gbá afẹ́fẹ́ burúkú náà jáde. Ihò náà kò tíì gbà á, wọ́n ṣì ń gún ìyókù nígbà tí NEPA mú iná lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìńfátà dún kàà. Wáyà kan tí kò le dáadáa lórí bátìrì ta iná.

Pàó!

Ìdérí bátìrì kan fò lu àjà, ásíìdì sì ta sí Tabitha lápá. Ó figbe ta. Igbe náà ló fi mọ̀ pé òun ṣì wà láyé.

Wọ́n fà á jáde lójú fèrèsé. Àbdùlláhì mú ìdérí tó fọ́ náà wá. "Bátìrì kan ṣoṣo ló ṣe èyí?"

"Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ju ife tíì kan lọ," ni Tabitha wí.

Màmá Hadassah bojú wo yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé garawa omi, ó sì ń bu omi sí apá ọmọbìnrin náà.