Omi Tánkì Kàmọ́rù

Nígbà tí ẹja àrọ̀ ń dínkù nínú tánkì ẹ̀yìnkùlé Kàmọ́rù ní Mákùn, ó dúró tì í lọ́sàn-án gangan, ó sì ṣépè tí gbogbo àdúgbò gbọ́: ọwọ́ tó bá tún jí ẹja níbẹ̀, kó so kókó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Abdullateef, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n jọ ni ẹja náà, tó máa ń ní òun ò lè ki ọwọ́ bọ omi tó ń rùn, ṣe àmín lórí fóònù.

Àjọkẹ́, ìyàwó Kàmọ́rù, náà ṣe àmín. Ó ti jí mẹ́rìnlá.

Kí oṣù tó parí, kókó kan yọ sí i níka, níbi tí ẹ̀gún ẹja ti gún un. Òmíràn yọ lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀kẹta gba apá lọ sókè. Ọwọ́ yẹn ló sì fi ń jẹun: gbànja ló ń ṣà fún àwọn oníbàárà láti Kánò, wọ́n sì ti ń wo ìka rẹ̀ ju obì lọ. Ó fi aṣọ wé e, ó ní epo gbígbóná ló ta sí òun. Ìgbà tí ìka ò ká mọ́, Kàmọ́rù fi ọ̀kadà gbé e lọ sílé ìwòsàn, tòun ti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn.

Dókítà Démiládé yẹ apá náà wò, ó bi í bóyá ó ń ki ọwọ́ bọ omi ẹja. Àjọkẹ́ wo dókítà, ó wo ọkọ rẹ̀. Bó bá parọ́, ọwọ́ lọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá Raqeebah. Mẹ́rìnlá péré ni."

Kàmọ́rù ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè: kókó márùn-ún, wọ́n tò tẹ̀léra.

"Dókítà, ẹ bá mi wo tèmi náà. Ìpín Abdullateef ni mo ń jí tà. Èpè mi ló mú mi."

Dókítà ní èpè kọ́. Kòkòrò àìfojúrí ló jọ, irú èyí tó ń gbé inú omi, tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Kò mọ olóhun, kò mọ olè. Wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n á lo oògùn fún oṣù mélòó kan, ìka náà á sì ká padà. Àjọkẹ́ ní kí ó tún un sọ, kó tó mí kanlẹ̀.

Ó ku Abdullateef. Kàmọ́rù pè é, ó jẹ́wọ́ tiẹ̀ àti tìyàwó, ó wá ń retí èébú.

"Ilé ìwòsàn wo lẹ wà yẹn?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi wọ́n. "Ẹ sọ fún dókítà kó má tíì lọ."