Àdúrà Tí Wọ́n Fi Ń Tú Ìjọ Ká

Abọ́dúnrìn ń tú máṣíìnì ìránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtamága nígbà tí Fisáyọ̀ ọmọ rẹ̀ pè é láti ọsibítù kan ní Ẹ̀pẹ́.

"Bàámi, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ inú mi jáde lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. "Kí Olúwa kí ó bùsí i fún ọ, kí ó sì pa ọ́ mọ́..." Kò mí títí tó fi dé "àlàáfíà" tó wà ní ìparí rẹ̀.

Fisáyọ̀ kò ṣàmín. "Bàámi, ẹ tún ti ń tú ìjọ ká."

"Báwo? Ṣé àdúrà kọ́ nìyẹn ni?"

"Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú á máa fẹsẹ̀ wá bàtà, wọ́n á máa pa fáànù. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kà á fún màámi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù tí wọn ò padà wá mọ́. Ó dà bíi pé ẹ ní ká máa lọ. Mi ò fẹ́ lọ."

Ó sì pa fóònù.

Abọ́dúnrìn gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti kó wá láti Ìwó, òun ni ìjọ máa ń pè láti ṣe àdúrà ìparí yẹn. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ máṣíìnì. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti máṣíìnì ni, ó mọ iṣẹ́ tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì. Kí ó pa ọ́ mọ́: bí a ṣe ń pa ohun tí a kò fẹ́ kó sọnù mọ́. Kí ó mú ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ọ lára. Ibẹ̀ ló há sí; kò mọ iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe.

Rodiat, aránṣọ tó ni máṣíìnì, wọlé dé. "Bàbá Fisáyọ̀, ẹ kàn ń wo máṣíìnì mi! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ wá san owó orí o!"

"Ibì kan ti rí págunpàgun nínú ilé bóbìnì tí òwú ìsàlẹ̀ ń gbé, òun ló ń já òwú. Mo ti fi sáńpépà ha á dán. Jókòó, tẹ̀ ẹ́ wò."

Rodiat tẹ̀ ẹ́. Òwú sáré, kò já. Ojú Rodiat tàn yanran.

Abọ́dúnrìn ń wò ó. Máṣíìnì ni ojú yẹn tàn sí. Láti ìgbà tí Mọ́fẹ́yìsára, ìyàwó rẹ̀, ti kú, tó bá ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Lásunwọ̀n nírọ̀lẹ́, kò sí ojú kankan tó ń yí padà nítorí pé ó wọlé. Àṣé ohun tí àdúrà náà ń tọrọ nìyí: kí ẹnì kan rí ọ, kí inú rẹ̀ dùn pé o dé.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Gáráàjì.

Fisáyọ̀ nìkan ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ ti lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ní kí wọ́n mú wá.

"Bàámi! Ẹ wá?"

"Mo wá."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò dijú, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò yí padà nínú àdúrà náà, àmọ́ nígbà tó kan ojú tó mọ́lẹ̀, ó rọra sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Àmín," ni Fisáyọ̀ wí, ó di ọwọ́ náà mú.

Nọ́ọ̀sì ní àsìkò àwọn àlejò ti parí. Abọ́dúnrìn jáde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti lè rí i láti ojú fèrèsé.